Alec Harley Reeves (1902–1971): Ẹni tí ó Sọ Ohùn Di Òǹkà, àti Ọ̀ràn Ohùn Kékeré

Ìfáàrà

Bí ènìyàn bá gbé fóònù sétí ní Adó-Èkìtì, tí ó ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ gan-an kọ́ ni ó ń rin ìrìn àjò náà. Òǹkà ni ó ń rìn. Kí ohùn náà tó kúrò nínú fóònù ni ẹ̀rọ kékeré kan ti wọ̀n ọ́n ní ìgbà 8,000 láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo, tí ó sì ti sọ ohun tí ó wọ̀n di nọ́ńbà. Nọ́ńbà wọ̀nyí ni ẹ̀rọ tí ó wà lọ́hùn-ún gbà, tí ó sì tún hun padà di ohùn tí ẹ̀gbọ́n fi mọ àbúrò rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ni ó mọ̀ pé Alexander Graham Bell ni wọ́n fún ní ìwé-àṣẹ lórí tẹlifóònù ní ọdún 1876, wọ́n sì mọ orúkọ Marconi mọ́ rédíò. Ṣùgbọ́n bí a bá bi wọ́n léèrè pé ta ni ó kọ́kọ́ ṣe ètò bí a ó ṣe ka ohùn ènìyàn bí ẹni ń ka owó ẹyọ, wọn a dákẹ́. Alec Harley Reeves ni ẹni náà.

Nínú iṣẹ́ yìí, a ó tọ ipasẹ̀ ìgbésí ayé rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti bí i títí di ọjọ́ ikú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyìn nìkan kọ́ ni a bá wá. Ọgbọ́n tí ọkùnrin yìí dá ní àléébù kan láti ìbẹ̀rẹ̀: ohùn ńlá ni ó ṣojúure sí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ohùn kékeré nù. Bí àwọn tí ó wá lẹ́yìn rẹ̀ ṣe tún àléébù yìí ṣe wà lára ìtàn rẹ̀, a kò sì lè yọ ọ́ kúrò níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kan olùkọ́ èdè Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n, nítorí pé ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ ni a fi ń ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀ nínú èdè wa, òpin gbólóhùn wa sì sábà máa ń lọ sílẹ̀ débi pé etí fẹ́rẹ̀ẹ́ má bá a mọ́.

Ìbí, Ẹ̀kọ́ àti Iṣẹ́ Àkọ́kọ́

Ìlú Redhill ní ẹkùn Surrey, ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n bí Reeves sí ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹta ọdún 1902. Ilé-ẹ̀kọ́ Reigate Grammar School ni ó lọ. Ní 1918, ó rí ẹ̀bùn ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ gbà sí kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ ẹnjiníà ti City and Guilds ní Lọ́ńdọ̀nù, lẹ́yìn náà ni ó tẹ̀síwájú nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní Imperial College. Ní 1923, ó wọ iṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ International Western Electric.

Iṣẹ́ tí ó bá lọ́wọ́ wọn níbẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ kékeré. Wọ́n fẹ́ kí ènìyàn lè jókòó sí Lọ́ńdọ̀nù kí ó sì bá ẹni tí ó wà ní New York sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù, láìsí wáyà kankan nínú Òkun Àtìláńtíìkì. Rédíò ni yóò gbé ohùn náà. Reeves wà lára àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ṣe iṣẹ́ náà, wọ́n sì ṣí ọ̀nà náà fún gbogbo ènìyàn ní oṣù kìíní ọdún 1927. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti fetí sí rédíò nígbà tí òjò ń kù yóò mọ ohun tí ojú wọn rí. Ariwo ni. Ọ̀rọ̀ a máa lọ, a máa bọ̀, ṣùgbọ́n ariwo kì í sinmi. A gbà pé ibẹ̀ ni ariwo ti wọ inú Reeves lọ gẹ́gẹ́ bí ọ̀tá, tí kò sì tún fi í sílẹ̀ mọ́.

Ní 1927 kan náà ni ó lọ sí Páríìsì, olú-ìlú ilẹ̀ Faransé, láti ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí ilé-iṣẹ́ ITT, èyí tí ó ti ra ilé-iṣẹ́ tí ó ń bá ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Ìgbà tí ó wà níbẹ̀ ni wọ́n fi ìgbì rédíò tí kò gùn ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 18 lọ ránṣẹ́ la okùn omi tí ó pín Faransé àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níyà, láàrin Calais àti Dover, ní oṣù kẹta ọdún 1931.

Páríìsì, 1937

Kí ohùn tó lè rìn jìnnà lórí wáyà tàbí lójú afẹ́fẹ́, ẹ̀rọ ìfúnlágbára gbọ́dọ̀ wà lójú ọ̀nà, nítorí pé àárẹ̀ a máa mú àmì bí ó ti ń lọ. Ìṣòro tí ó wà níbẹ̀ ni pé ẹ̀rọ náà kò mọ ohùn yàtọ̀ sí ariwo. Ó dà bí ìgbà tí a rán ènìyàn mẹ́wàá dúró lójú ọ̀nà oko, tí ẹni kìíní ń pariwo ọ̀rọ̀ sí ẹni kejì, tí ẹni kejì sì ń pariwo ohun gbogbo tí ó gbọ́ sí ẹni kẹta: ọ̀rọ̀ tí a rán an, igbe ewúrẹ́, ìró odó àti ẹ̀fúùfù. Kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni kẹwàá, ọ̀rọ̀ ti rì sínú ariwo. Bí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ kún un ni ariwo ń pọ̀ sí i.

Ohun tí Reeves rò ní 1937 ni pé kí a má ṣe rán ohùn mọ́. Kí a wọ̀n ọ́n, kí a sì rán òǹkà tí ó bá jáde. Ìgbì ohùn tí ó di agbára iná mànàmáná nínú wáyà kì í dúró sójú kan. Ó ń lọ sókè, ó ń bọ̀ wá sílẹ̀. Ẹ̀rọ tí Reeves ṣètò yóò yọjú wò ó ní ìgbà 6,000 láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan. Ní gbogbo ìgbà tí ó bá yọjú, agbára iná mìíràn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè láti ilẹ̀ ní ìwọ̀n kan náà, bí omi tí ń kún inú garawa. Aago kan yóò máa lù ní ìgbà 600,000 láàrin ìṣẹ́jú àáyá. Bí omi bá ti dé ibi tí ohùn wà, ẹ̀rọ yóò dá kíkà dúró. Iye ìgbà tí aago ti lù ni ìwọ̀n ohùn náà. Kò lè ju 31 lọ, bí a bá sì ka òdo mọ́ ọn, ipò 32 ni ohùn lè bọ́ sí.

Ohun tí ó kù ni bí a ó ṣe kọ nọ́ńbà náà ránṣẹ́. Ibi márùn-ún ni Reeves lò, ní ibi kọ̀ọ̀kan, iná wà tàbí iná kò sí. Àwọn babaláwo wa mọ irú ìkọ̀wé báyìí. Lórí ọpọ́n, yálà kí babaláwo tẹ ojú kan tàbí ojú méjì. Ibi mẹ́jọ ni ó sì ti ń tẹ̀ ẹ́, èyí ni Odù fi jẹ́ 256. Bí ibi tí a ti ń tẹ̀ ẹ́ bá jẹ́ márùn-ún, 32 péré ni ì bá jẹ́. A kò fi èyí sọ pé Reeves kọ́ ọgbọ́n rẹ̀ lọ́dọ̀ babaláwo o. Ìṣirò kan náà ni ó wà nídìí méjèèjì. PCM ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń pe ọgbọ́n rẹ̀ yìí títí di òní.

Ẹ wo ohun tí èyí ṣe fún ariwo. Ẹ̀rọ ojú ọ̀nà kò ní ohun púpọ̀ láti mọ̀ mọ́. Kí ó sáà ti mọ̀ bóyá iná wà tàbí kò sí. Bí iná bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ìdọ̀tí lára, yóò da èyí tí ó gbà nù, yóò sì tan tuntun tí ó mọ́ ránṣẹ́ sí ẹni tí ó kàn. Ìdọ̀tí kò ní jọ mọ́. Ohùn lè rin kìlómítà ẹgbẹẹgbẹ̀rún kí ó sì dé bí ó ṣe kúrò nílé. Reeves ti ṣẹ́gun ọ̀tá rẹ̀.

Ohùn tí Kò Tó Òṣùwọ̀n

Ṣùgbọ́n ariwo kan jáde nípò ariwo tí ó kú. Reeves mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí pé ẹni tí ó bá yàn láti fi òǹkà rọ́pò ohùn ti gbà pé òun yóò máa gé díẹ̀ sọnù nígbà gbogbo. Bí ohùn bá wà láàrin ìgbésẹ̀ kẹrìnlá àti ìkẹẹ̀ẹ́dógún lórí àkàbà, ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ mú ọ̀kan. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ohun tí ó jẹ́ òtítọ́ àti ohun tí a kọ sílẹ̀ ni etí ń gbọ́ bí ariwo.

Fún ohùn ńlá, èyí kò burú. Ohùn tí ó kún gbogbo àkàbà ní ìgbésẹ̀ 32 láti rìn. Ohùn tí kò ju ìdá mẹ́jọ rẹ̀ lọ ńkọ́? Ìgbésẹ̀ mẹ́rin péré ni tirẹ̀. Ohùn tí ó jẹ́ ìdá méjìlélọ́gbọ̀n ní ìgbésẹ̀ kan ṣoṣo, èyí tí ó bá sì kéré sí i lè wà láàrin ìgbésẹ̀ kan kí ó máa sọ̀rọ̀, kí ó máa sunkún, kí ẹ̀rọ má tilẹ̀ mọ̀ pé ẹnikẹ́ni wà níbẹ̀. Kóńgò tí àwọn ìyá wa fi ń wọn gàrí lọ́jà péye fún gàrí àpò kan. Bí a bá gbé kóńgò kan náà wá wọn iyọ̀ tí yóò wọ inú ọbẹ̀, òdo ni yóò sọ fún wa, bẹ́ẹ̀ ni ọbẹ̀ mọ ìyàtọ̀ láàrin iyọ̀ àti àìsí iyọ̀.

Òǹkọ̀wé yìí ti fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ọ. Akẹ́kọ̀ọ́ kan mú ẹkún ìyàwó wá láti abúlé kan, fóònù rẹ̀ ni ó fi gbà á sílẹ̀, ó sì jókòó jìnnà sí ìyá àgbà tí ń sun ẹkún náà nítorí ìtìjú. Nígbà tí a gbé ohùn náà sókè kí a lè dà á kọ, ibi tí ìyá náà ti ké sókè já gaara. Òpin gbólóhùn, níbi tí ohùn ìsàlẹ̀ ti ń tẹ̀lé ohùn ìsàlẹ̀, ń dún bí iyanrìn tí a ń fi bàtà tẹ̀. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni a kò lè dà kọ. Gbígbé ohùn sókè lẹ́yìn tí wọ́n ti kà á kò lè dá ìgbésẹ̀ tí kò sí lórí àkàbà padà.

Oògùn tí ó kọ́kọ́ wá síni lọ́kàn ni kí a fi ibi ìkọ̀wé kún un. Ibi kan tí a bá fi kún un sọ ìgbésẹ̀ di ìlọ́po méjì, àṣìṣe a sì di ìdajì. Márùn-ún fún wa ní 32, mẹ́fà fún wa ní 64, méje 128. Ṣùgbọ́n ibi kọ̀ọ̀kan ń jẹ owó, ó sì ń gba àyè nínú wáyà. Ní 1937, kò sí tiransísítọ̀. Gílóòbù onígò bí èyí tí ó wà nínú rédíò àwọn bàbá wa ni wọ́n fi ń ṣe gbogbo nǹkan, ó ń gbóná, ó ń jó, ó sì wọ́n. Kódà oníbi márùn-ún tí Reeves ṣètò kò ṣeé rà fún ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù kankan. Ó gba ìwé-àṣẹ olùpilẹ̀ṣẹ̀ ní Faransé ní 1938, ó gba ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀lé e, ìjọba Amẹ́ríkà sì fún un ní tiwọn ní 1942. Ìwé náà wọ inú àpótí, ó ń dúró de ọjọ́ iwájú.

Ogun

Àwọn ọmọ ogun Jámánì wọ Páríìsì ní oṣù kẹfà ọdún 1940. Reeves sá padà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kò fẹ́ràn ogun, inú rẹ̀ kò sì dùn sí ṣíṣe ohun ìjà. Ohun tí ó wá gbà láti ṣe ni ohun tí yóò jẹ́ kí bọ́ǹbù bọ́ sí ibi tí wọ́n rán an nìkan. Lóru, láàrin kùrukùru, àwọn awakọ̀ òfuurufú ń ju bọ́ǹbù wọn sínú oko àti sórí ilé àwọn tí kò bá ogun wí, ní kìlómítà mélòó kan sí ibi tí wọ́n ń wá.

Òun àti Frank Jones ni wọ́n jọ ṣe ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní Oboe, orúkọ fèrè kan, nítorí ìró tí awakọ̀ ń gbọ́ létí. Ibùdó méjì ni ó wà lórí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀kan ń wo jíjìnnà ọkọ̀ òfuurufú, ó sì ń mú un rìn lórí ọ̀nà tí ó tẹ̀ bí ọrun. Ìkejì ń sọ ìgbà tí yóò ju ẹrù rẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ lò ó lójú ogun ní oṣù Ọ̀pẹ ọdún 1942, lórí ilé-iṣẹ́ iná kan ní Lutterade, ilẹ̀ Netherlands. Kò sí ẹ̀rọ mìíràn nígbà náà tí ó péye tó o fún iṣẹ́ òru.

A kò gbọdọ̀ fi ibi tí ó dùn nìkan há ara wa lẹ́nu. Ní 1943, Oboe kan náà ni wọ́n fi ń júwe ìlú Essen àti àwọn ìlú mìíràn ní àfonífojì Ruhr fún ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfuurufú tí ń bọ̀ lẹ́yìn, ìlú tí ènìyàn ń gbé. Ìpéye tí Reeves ṣe kí aráàlú má baà kú ni wọ́n fi wá aráàlú kàn. Ní ìparí oṣù kẹrin àti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún ọdún 1945, ẹ̀rọ yìí kan náà tún ni wọ́n fi sàmì sí ibi tí wọ́n ju oúnjẹ sí fún àwọn ará Netherlands tí ebi ń pa kú lọ. Ìjọba fi oyè OBE dá a lọ́lá ní 1945.

Láàrin ogun yìí ni wọ́n kọ́kọ́ sọ ohùn di òǹkà fún iṣẹ́ gidi, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọwọ́ Reeves. Àwọn ará Amẹ́ríkà ni. Ní oṣù keje ọdún 1943, wọ́n ṣí ẹ̀rọ àṣírí SIGSALY láàrin Washington àti Lọ́ńdọ̀nù kí àwọn olórí ogun lè bá ara wọn sọ̀rọ̀ láìsí pé Jámánì ń jẹ́ ẹ̀rí sí i. Ẹ̀rọ náà pín ohùn sí ẹ̀ka ẹ̀ka, ó sì ń wọn agbára ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ní ìgbà 50 láàrin ìṣẹ́jú àáyá. Àkàbà ìgbésẹ̀ mẹ́fà péré ni wọ́n lò. Báwo ni mẹ́fà ṣe tó? Wọn kò jẹ́ kí ìgbésẹ̀ náà dọ́gba. Àwọn tí ó wà nísàlẹ̀ súnmọ́ ara wọn, àwọn ti òkè jìnnà síra. Níbi yìí ni oògùn ohùn kékeré ti yọjú.

Àkàbà tí Kò Dọ́gba

Lẹ́yìn ogun, àwọn onímọ̀ ilé ìwádìí Bell ní Amẹ́ríkà gbé ọgbọ́n Reeves kalẹ̀, wọ́n sì tú u palẹ̀ bí ẹni ń tú aago. Ní 1948, W. R. Bennett ṣe ìṣirò ariwo tí kíkà ń dá sílẹ̀. Ó fi hàn pé bí ìgbésẹ̀ bá dọ́gba, ariwo yìí kì í dínkù nígbà tí ohùn bá dínkù. Ariwo dúró síbi tí ó wà. Ohùn ni ó ń rẹlẹ̀ lọ bá a. Ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ ni ó ń san gbèsè gbogbo ilé.

Àtúnṣe náà rọrùn láti sọ. Bí náírà kan bá sọnù lára ẹgbẹ̀rún náírà, ẹni tí ó ni ín lè má mọ̀. Bí ó bá sọnù lára náírà mẹ́wàá, yóò wá a títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Nítorí náà, kí a jẹ́ kí ìgbésẹ̀ kéré púpọ̀ nítòsí òdo níbi tí ohùn kékeré ń gbé, kí ó sì máa fẹ̀ sí i bí a ti ń gòkè. Ohùn ńlá yóò ru àṣìṣe tí ó tóbi, ṣùgbọ́n títóbi ohùn náà yóò bo àṣìṣe rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìyẹn ni pé, kí àṣìṣe máa bá ìwọ̀n ohùn rìn. Wọ́n lè ṣe é nípa fífún ohùn pọ̀ kí wọ́n tó kà á, kí wọ́n sì tú u padà lọ́hùn-ún. Bernard Smith, ti Bell kan náà, ṣe àlàyé rẹ̀ yékéyéké ní 1957. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Bell wá gbé ètò oníPCM wọn jáde fún iṣẹ́ gbogbogbòò ní 1962, ohùn 24 ni ó ń rìn pọ̀, wọ́n ń wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìgbà 8,000, ibi méje ni wọ́n sì fi ń kọ ọ́, lẹ́yìn tí wọ́n ti fún un pọ̀.

Oògùn kejì yani lẹ́nu jù, àti pé, lójú tiwa, òun ni ó jinlẹ̀ jù nínú gbogbo ìtàn yìí. Ariwo ni. Lawrence Roberts, tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní MIT nígbà náà, gbé iṣẹ́ kan jáde ní 1962 lórí fífi òǹkà ránṣẹ́ àwòrán. Ohun tí ó ṣe ni pé ó mọ̀ọ́mọ̀ fi ariwo díẹ̀ kún àmì kí ó tó kà á, ó sì yọ ariwo kan náà kúrò lọ́hùn-ún. Ìdí rẹ̀ nìyí. Àmì kékeré tí ó há sí àárín ìgbésẹ̀ méjì kò lè gòkè, kò lè sọ̀kalẹ̀. Nọ́ńbà kan náà ni ẹ̀rọ yóò máa kọ fún un. Bí a bá mì í díẹ̀, yóò máa bọ́ sí òkè nígbà mìíràn, sí ìsàlẹ̀ nígbà mìíràn. Bí ó bá súnmọ́ ti òkè, òkè ni yóò ti bọ́ sí jù. Bí a bá wá da ọ̀pọ̀ ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ pọ̀ kí a pín in, ibi tí ó wà gan-an láàrin ìgbésẹ̀ méjèèjì yóò hàn. Ẹni tí ó bá ti jọ èlùbọ́ rí yóò ti mọ̀: bí a kò bá mi ajọ̀, èlùbọ́ kúnná kì í jábọ́, yóò jókòó sórí ihò ni. Reeves fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ lé ariwo jáde. Láti lè gbọ́ ohun tí ó kéré jù nínú ẹ̀rọ rẹ̀, ó di dandan kí wọ́n pe ariwo díẹ̀ padà wọlé.

Ọ̀nà tí Reeves gbà ń kà, tí omi ń kún garawa tí aago sì ń lù, kò kú. Ọ̀pọ̀ mítà onínọ́ńbà tí àwọn oníṣẹ́ iná ń fi wọn agbára bátìrì lo àbúrò ọgbọ́n náà. Wọ́n kọ́ ọ láti kọ́kọ́ wọn òdo, kí ó tó wọn ohun tí a gbé síwájú rẹ̀, kí ó sì yọ ìwọ̀n òdo náà kúrò, gẹ́gẹ́ bí ọlọ́jà tí ó jẹ́ olóòótọ́ ṣe ń wo abẹ́rẹ́ òṣùwọ̀n rẹ̀ kí ó tó gbé ẹran lé e. Bí òdo bá yẹ̀ díẹ̀, kò dí ẹni tí ń wọn ohun ńlá lọ́wọ́. Ẹni tí ń wọn ohun kékeré ni ó ń ṣì í lọ́nà.

Harlow àti Ọjọ́ Ìkẹyìn

Reeves padà sẹ́nu iṣẹ́ ìwádìí lẹ́yìn ogun ní ilé-iṣẹ́ STL, tí ó kó lọ sí Harlow nígbà tí ó yá. Kò jókòó ti PCM. Ó ti rí i pé bí gbogbo ohùn ayé bá di òǹkà, wáyà bàbà kò ní gbà wọ́n, ìmọ́lẹ̀ ni yóò gbé wọn. Ó ń ti àwọn ọ̀dọ́ tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ sí ọ̀nà yìí. Nínú ilé-iṣẹ́ náà ni Charles Kao àti George Hockham ti kọ iṣẹ́ wọn ní 1966, pé fọ́nrán dígí tí ó mọ́ tó lè gbé ìmọ́lẹ̀ lọ sí ọ̀nà jíjìn. Wọ́n fún Kao ní ẹ̀bùn Nobel nítorí rẹ̀ ní 2009.

Nílé, Reeves kò ní aya. Ó ń fi àkókò rẹ̀ ran àwọn ọ̀dọ́ lọ́wọ́, ó sì ń bá àwọn tí ó ti ẹ̀wọ̀n dé wá bí wọn yóò ṣe fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ó tún gbàgbọ́ pé ọkàn ènìyàn ní agbára tí òṣùwọ̀n sáyẹ́ǹsì kò tíì tó láti gbá mú, ó sì ń ṣe ìwádìí lórí rẹ̀. Àwọn mìíràn lára àwọn tí ń kọ nípa rẹ̀ a máa fo ibi yìí kọjá, bí ẹni pé ó ń tì wọ́n lójú. A kò rí ìdí tí ó fi yẹ kí a fò ó. Ẹni tí ó ti lo ayé rẹ̀ láti wá àmì kékeré nínú ariwo, kò yani lẹ́nu bí ó bá rò pé àmì mìíràn ṣì wà tí ẹ̀rọ kankan kò tíì kà.

Owó kò tẹ̀lé PCM wá sí ilé rẹ̀. Ìwé-àṣẹ ti Amẹ́ríkà tí wọ́n fún un ní 1942 jẹ́ ti ọdún 17. Ó ti kú ní 1959, ọdún mẹ́ta kí Bell tó ṣí ọ̀nà tiwọn. Ọlá ni ó wá, ó sì pẹ́ kí ó tó wá. Ilé-ẹ̀kọ́ Franklin ní Amẹ́ríkà fún un ní àmì-ẹ̀yẹ Stuart Ballantine ní 1965. Ní 1968, wọ́n ṣí ibùdó tẹlifóònù oníPCM kan tí wọ́n ń pè ní Empress ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1969, oyè CBE tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, nígbà tí ó sì di ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún náà, ilé-iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ sítáǹpù oníṣílè kan jáde tí ó fi ọgbọ́n PCM hàn. Nígbà tí ó fẹ̀yìn tì, ó dá ilé ìwádìí kékeré tirẹ̀ sílẹ̀. Ó kú ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹwàá ọdún 1971, ó jẹ́ ẹni ọdún 69.

Ní ọdún tí ó tẹ̀lé ikú rẹ̀, 1972, àjọ àgbáyé tí ń ṣètò ọ̀rọ̀ tẹlifóònù fọwọ́ sí òfin tí wọ́n ń pè ní G.711, tí àwọn ibùdó tẹlifóònù ṣì ń lò. Ibi mẹ́jọ ni wọ́n fi ń kọ ohùn níbẹ̀, ipò 256. Nínú èyí tí àwọn ará Yúróòpù ń lò, tí àwa náà ní Nàìjíríà bá wọn lò, wọ́n pín àkàbà sí ọ̀nà 16, mẹ́jọ lókè òdo, mẹ́jọ nísàlẹ̀ òdo, ọ̀nà kọ̀ọ̀kan sì ní ìgbésẹ̀ 16. Ìgbésẹ̀ tí ó tóbi jù lọ nínú rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po 64 èyí tí ó kéré jù lọ. Nítòsí òdo, níbi tí ẹni tí kò lè gbé ohùn sókè ń sọ̀rọ̀ sí, ìgbésẹ̀ rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ débi pé ẹ̀rọ oníbi méjìlá tí ìgbésẹ̀ rẹ̀ dọ́gba ni ó lè bá a dọ́gba.